Àwọn Àkísà Ilé Ìdáná Màmá

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹjọ 2025

Ìsinmi bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá péré. Ohun kan ṣoṣo ló wà níwájú mi: kí n kó Màmá kúrò ní Kéésì wá sílé mi ní Adigbe. Yàrá ti wà nílẹ̀, ilé ìwẹ̀ wà nínú rẹ̀, kò sí àtẹ̀gùn kankan. Kí ni ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ń wá lórí àpáta Kéésì? Mo ti ń sọ ọ́ láti èṣí. Síkírù àbúrò mi ní ká ṣì mú sùúrù ná. Ọdún kan gbáko la fi mú sùúrù. Ó-Di-Ọ̀la ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, kò sì mọ̀.

Mo dé Kéésì ní aago mẹ́wàá. N kò tíì kan ilẹ̀kùn tí Màmá fi dáhùn látinú ilé pé, "Kíákíá, wọlé." Orúkọ tí wọ́n sọ mí láti kékeré nìyẹn. Wọ́n ní bàtà mi ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí inú ń bí.

Ilé ìdáná wọn – mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó mọ́ o, àmọ́ àkísà níbi gbogbo. Àjákù ańkárá létí ìkòkò. Òwú lọ́rùn ìgò. Rọ́bà lára bùtà àlùwàlá. Kúteẹ̀sì pupa nídìí abọ́. Bí ilé ẹni tó ń ṣa pàǹtí jọ. Ọ̀la ni màá kó gbogbo rẹ̀ dànù.

Ìṣẹ́gun, 5

Ó ti parí. Aago méje àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Gbogbo àkísà ni mo já. Mo kà wọ́n: mọ́kànlélọ́gọ́ta. Mo fi ásítónì nu kúteẹ̀sì kúrò lára abọ́. Mo ra ike tuntun méjìdínlógún, gbogbo wọn rí bákan náà, ọmọrí funfun. Mo lẹ ìwé mọ́ ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà gàdàgbà: IYỌ̀. ṢÚGÀ. ẸLÙBỌ́. ỌṢẸ. Bí mo ṣe ń to ọkọ̀ akẹ́rù níbi iṣẹ́ mi ní Ewékorò nìyẹn. Ọkọ̀ tí kò bá ní nọ́ńbà lára, mi ò mọ̀ ọ́n.

Màmá jókòó sórí àpótí. Wọ́n ń fọwọ́ ra orúnkún wọn. Mo ní ẹ wò ó, ṣé kò dára? Wọ́n ní, "Ó ń dán." Inú mi dùn.

Ọjọ́rú, 6

Màmá ò dáná. Wọ́n ní ààwẹ̀ làwọn ń gbà. Ọjọ́ Ajé àti Alàmísì ni wọ́n máa ń gba nàfílà, n kò rí i rí kí wọ́n gbà á lọ́jọ́rú.

Alàmísì, 7

Ìyá Àmínù, ọ̀rẹ́ Màmá láti ilé kejì, wá kí wa láàárọ̀. Màmá po ògì fún wọn. Ìyá Àmínù tọ́ ọ wò, wọ́n tu ú jáde, wọ́n pe Màmá lórúkọ: "Àfúsá, ṣé inú mi lo fẹ́ fọ̀ ni?" Ìfófòó wà lórí ògì náà. Ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú ni Màmá bù sí i. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ìyá Àmínù ló kọ́kọ́ dákẹ́.

Mo gbé ike ṣúgà, mo ní ṣebí mo kọ ọ́ gàdàgbà sí i lára. Ìyá Àmínù wò mí títí. Wọ́n ní, "Ta lo kọ ọ́ fún?"

Màmá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ. Wọ́n ti sọ.

Jímọ̀, 8

Ọsibítù. Dókítà tan iná sí ojú Màmá, ojú náà ò ṣẹ́. Ó ní ìfúnpá inú ẹyinjú ti ba iṣan rẹ̀ jẹ́, kò sí àtúnṣe. Mo bèèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní ó tó ọdún mẹ́ta tí Màmá kò ti rí ju ìmọ́lẹ̀ fírí lọ.

Ọdún mẹ́ta. Oṣooṣù ni mo ń wá. Mo ń jẹun níbẹ̀. Mo máa ń na fóònù sí wọn pé ẹ wo fọ́tò, wọ́n á ní, "Ó mà rẹwà o."

Nínú ọkọ̀, mo ní kí ló dé tí ẹ ò sọ? Wọ́n ní, "Bí mo bá sọ, o ò ní jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí o tó kó mi." N kò lè sọ pé irọ́ ni.

Sátidé, 9

Àpò àkísà ṣì wà lẹ́yìnkùlé. Àwọn tó ń kó ìdọ̀tí ò wá ní Alàmísì – ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi tí mo dúpẹ́ pé ẹnì kan pẹ́. Mo tú u sórí ibùsùn. Mo pe Ìyá Àmínù. Wọ́n kọ́ mi bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní álífú.

Ti iyọ̀ nípọn, àjákù kíjìpá. Ti ṣúgà ń yọ̀ lọ́wọ́, etí gèlè àtijọ́ ni. Ti ata: òwú mẹ́ta tí wọ́n di bí irun. Ìgò epo: òwú yí i lọ́rùn lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgò kẹrosíìnì: ẹ̀ẹ̀kan, okùn ọ̀rá tó ń ta ní ọwọ́, kí ọwọ́ lè fà sẹ́yìn. Ìkòkò ọbẹ̀: etí ọ̀tún nìkan, kí wọ́n lè mọ ibi tó kọjú sí lórí iná.

Mo ṣe ìdánwò lórí ìṣètò ibi ìkẹ́rùsí ní yunifásítì. Èmi ni mo gba ipò kìn-ín-ní. N kò rí ìṣètò tó tó èyí nínú ìwé kankan. Mo sì ti ń rí i lóṣooṣù fún ọdún mẹ́ta, mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyá Àmínù ní iṣẹ́ àwọn ìyá ẹgbẹ́ àṣàlátù ni, ojú tó fọ́ kọ́ ló bí i. Bí fídáù òkú bá wà, gbogbo obìnrin á kó abọ́ wá, oníkálukú pẹ̀lú àmì tirẹ̀, kí abọ́ má baà ṣìnà. Ogún ọdún ni Màmá fi jẹ́ ẹni tó ń dá abọ́ padà. Wọn ò ṣi ẹyọ kan gbé rí. Kókó kan lára àkísà: tèmi ni. Kókó méjì: ti ẹlòmíràn ni, a ó dá a padà.

Mo wá àkísà oníkókó méjì nínú àpò. Mẹ́sàn-án. Abọ́ mẹ́sàn-án tí kì í ṣe tiwa, mo ti bọ́ àmì kúrò lára gbogbo wọn.

Àìkú, 10

Mo kó abọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mẹ́tàlélógójì. Màmá gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wọ̀n ọ́n lọ́wọ́, wọ́n fi èékánná kan etí rẹ̀, wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀. "Ti Lubabah nìyí. Ó já lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú." Wọ́n fi ìka mi kan ibi tó tẹ̀. "Èyí ti Mosúnmọ́lá. Ó fúyẹ́ bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀." Ìyá Àmínù rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn.

Mẹ́jọ la mọ ẹni tó ni wọ́n. Ìkẹsàn-án – Màmá gbé e lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n gbé e sílẹ̀. "Mi ò mọ ẹni tó ni ín." Wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jẹ́wọ́. Ogún ọdún. Èmi ni mo ṣe é.

Kí èyíkéyìí tó jáde, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan nínú rẹ̀. Màmá kì í dá nǹkan olóhun padà lófìfo. Mo fẹ́ sọ pé àkókò ń lọ. Mo bu ẹ̀pà.

Ọjọ́ Ajé, 11

Mo ti rò ó, kò yí padà. Ẹni tí kò ríran kò lè dá wà lórí àpáta, bó ti wù kí àkísà náà gbọ́n tó. Àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógún ló wà lẹ́nu ọ̀nà, mo kà á. Mo pe Ó-Di-Ọ̀la: kó wó ilé ìdáná, kó kọ́ ṣọ́ọ̀bù méjì síbẹ̀, kí wíwó rẹ̀ má kọjá Sátidé, ọjọ́ kẹtàlélógún. Mo ní lọ́tẹ̀ yìí n kò fẹ́ gbọ́ àlàyé. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ ṣì mú sùúrù ná." Mo pa fóònù.

Màmá ò jiyàn. Ìbéèrè kan ni wọ́n bi mí: "Ìgbà wo lo máa dá mi padà?" Mo ní a ó máa wò ó. N kò sọ ti ilé ìdáná.

Ọjọ́rú, 13

Nǹkan ń ṣe ojú mi. Mo kọjá níwájú mọ́ṣáláṣí lásìkò ìrun: bàtà bí àádọ́ta, gbogbo rẹ̀ dúdú. Ọ̀kan ní rọ́bà pupa. Ọ̀kan ní bọ́tìnnì tí wọ́n rán mọ́ ọn. Ọ̀kan, wọ́n fi abẹ gé etí rẹ̀ díẹ̀. Mo dúró títí ẹnì kan fi bi mí pé ta ni mò ń wá.

Jímọ̀, 15

A ti kó. Bùtà àlùwàlá nìkan ni wọ́n gbé lọ́wọ́, wọn ò gbà kí n fi í sẹ́yìn ọkọ̀.

Àìkú, 17

Ilẹ̀ Adigbe tẹ́jú, kò sí ohun tí ẹsẹ̀ lè kọ. Ibi tí mo bá fi Màmá jókòó sí ni mo ń bá wọn. Wọ́n ń dúró de ẹni tó máa fà wọ́n lọ ṣàlùwàlá. Ní Kéésì, wọn kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Mo fi gèlè di ojú mi, mo wọ ilé ìdáná ara mi. Mo fọ́ ife méjì. Mo bu iyọ̀ sí tíì. Mo tú gèlè, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í so àkísà: ilẹ̀kùn, ife, bẹ́ẹ̀dì, àga, ẹ̀rọ omi. Wákàtí mẹ́ta. Kókó kan lára gbogbo wọn – tiwọn ni, kí wọ́n mọ̀ pé tiwọn ni. Mo fà wọ́n lọ́wọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní, "O fún un jù. Ọwọ́ rẹ ò ní sùúrù." Wọ́n tẹ̀lé mi ká gbogbo ilé. Wọ́n ní mo ṣeun. Bí àlejò ṣe ń dúpẹ́ ni wọ́n ṣe dúpẹ́.

Ọjọ́rú, 20

Iṣẹ́. Ọkọ̀ mẹ́rin dúró sí Papalanto láti àárọ̀, mo pariwo títí ohùn mi fi há. Tóyìn, obìnrin tó ń dúró ti Màmá lójúmọmọ, ní Màmá ní kí òun ra ẹ̀pà. Ó rà á. Wọn ò jẹ ẹ́.

Alàmísì, 21

Mò ń rò ó pé kí n ní kí Ó-Di-Ọ̀la dáwọ́ dúró ná. N kò pè é. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Sátidé, 23

Ó fi fọ́tò ránṣẹ́. Ilé ìdáná ti wó. Páànù, òkúta, ògiri dúdú tí èéfín ti ń kùn kí wọ́n tó bí mi. "Àǹtí mi, mo ṣe é lásìkò. Ẹ wò ó, mo ti yí padà." Ogójì ọdún tí mo ti mọ Síkírù, ọjọ́ kan ṣoṣo tí kò pẹ́ nìyí.

Àìkú, 24

Mo wọ yàrá Màmá láàárọ̀ láti kó aṣọ fífọ̀. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti múra, wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, bùtà lórí itan. Mo ní níbo lẹ ń lọ? Wọ́n na etí ìró wọn sí mi. Ó wú. Mo fọwọ́ kàn án: ẹ̀pà, ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n dì í síbẹ̀. Mo di ojú mi kí n tó ka kókó tó wà lẹ́nu rẹ̀.

Méjì.

Wọn ò fún un jù. Ó rọ̀, kò sì tú.

"Kíákíá," wọ́n ní, "ìgbà wo?"

Fóònù wà lọ́wọ́ mi, fọ́tò náà wà nínú rẹ̀. Bí mo bá nà án sí wọn, wọ́n á ní ó mà rẹwà o. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ní, "Ẹ ṣì mú sùúrù ná, mà."