Ọmọ Japan Tá A Jọ Gbélé

Màámi, mo kúnlẹ̀ kí yín láti Bolton. Ẹ kú àárò mi. Ara mi le.

Mò ń ka ìtàn aláwòrán kan lórí fóònù. Abúlé àwọn àgbẹ̀ kan nílẹ̀ òyìnbó ló dá lé, ní kété tí ogun Hítílà parí. Wọ́n pa ẹnì kan, gbogbo abúlé sì ní ará Japan tó ń tún aago ṣe ló pa á, torí pé orílẹ̀-èdè rẹ̀ bá wọn jagun ni wọ́n ṣe fura sí i. Kò sẹ́ni tó rí i. Èmi náà gbà pé òun ni.

Bí Yumi, ọmọ Japan tá a jọ ń gbélé, ṣe wá sí mi lọ́kàn nìyẹn. Nígbà tí ẹrù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa ń pòórá lẹ́nu ọ̀nà, Gemma, òyìnbó tó wà ní yàrá iwájú, ní, "Yumi ni. Kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Ó jọ bẹ́ẹ̀." N kò sì rí nǹkan kan.

Yumi kó jáde láì bá ẹnikẹ́ni jà. Ó fi ìkòkò ìrẹsì rẹ̀ sílẹ̀ fún mi.

Lọ́jọ́ Tuesday, ẹrù tún pòórá. Gemma ti ra àgádágodo sí yàrá rẹ̀. Ó bi mí pé, "Ṣẹwà, aago mélòó lo máa ń ti ibi iṣẹ́ dé?" Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sọ fún un.

Ẹ má ronú o. Èèyàn dáadáa ni Gemma àtàwọn ará ilé wa, wọ́n kàn ń ṣọ́ra ni. Mo ti kọ̀wé bẹ Yumi, kò tíì fèsì.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Ẹ sọ fún àbúrò mi Mobọ́lá pé kó má tíì fiṣẹ́ sílẹ̀ torí àtiwá síbí.

Èmi ni,
Adéṣẹwà