Ìdajì Ọmọ Inú Mi

Bàbá mi àtàtà,

Oyún mi pé oṣù méje lánàá. Mo mọ̀ pé ẹ ò retí ìròyìn lọ́dọ̀ mi, torí láti ìgbà tí a ti sin yín síwájú ilé wa ní Ayétòrò, mi ò kí yín rí. Mo kàn máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ibojì yín kọjá bí ẹni tí kò rí i.

Inú ló ń bí mi. Oyún méjì ló bàjẹ́ mọ́ mi lára, ẹ̀yin ni mo sì di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Mo gbà pé ẹ kú pẹ̀lú ìbínú lórí ìgbéyàwó mi ni, pé ẹ̀yin lẹ ń bá mi jà.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ọkọ mi, ọmọ Ègùn, kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá láti òdìkejì bọ́dà láti tọrọ mi? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní ká bu omi fún àlejò kó tó jókòó, kódà kó jẹ́ agbowó-orí. Lọ́jọ́ náà, ẹ ò ní ká bu omi fún wọn. Ẹ lọ jókòó sẹ́yìnkùlé, ẹ ń pọ́n àdá tó ti mú tẹ́lẹ̀. Kí ló dé, Bàbá? Ṣé torí pé wọn ò gbọ́ èdè wa náà ni?

Nọ́ọ̀sì ló là á yé mi lọ́jọ́ àyẹ̀wò aboyún. Ìdajì ọmọ inú mi, ti bàbá rẹ̀ ni. Àjèjì ni lójú àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ mi, iṣẹ́ wọn sì ni láti lé àjèjì. Ṣùgbọ́n wọ́n rọ̀ fún un. Wọn ò sùn o, wọ́n ṣì ń bá àìsàn jà, àmọ́ wọ́n dá ọmọ sí. Àwọn kan tiẹ̀ ń bá a la ọ̀nà, kí ẹ̀jẹ̀ lè dé ibi ọmọ dáadáa. Ní ti oyún méjì àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó bà wọ́n jẹ́. Ìbínú òkú ò sí nínú ohun tí nọ́ọ̀sì kọ sí káàdì mi.

Mo sunkún lórí ọ̀kadà títí mo fi délé. Ẹ foríjì mí, Bàbá. Àmọ́ ohun tí ẹ ṣe sí ọkọ mi ṣì ń dùn mí, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín. Gbogbo ìgbà tí a bá wálé, ó máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ibojì yín, á fi Yorùbá rẹ̀ tí kò já gaara kí yín. Láàárọ̀ yìí, mo kúnlẹ̀ tì í, tòyún tòyún. Bí ẹ ò bá lè dá èmi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá òun lóhùn.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín tìbínú tìbínú.