Orúnkún Àdùkẹ́ Ti Rọ̀

Bàbá mi, ẹni tí mo ṣì máa ń fẹ́ lọ kí bí ilẹ̀ bá ti mọ́,

Àdùkẹ́ ń rìn. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn, torí mo mọ̀ pé abo ẹṣin yín yìí lẹ ó béèrè kí ẹ tó béèrè mi.

Lẹ́yìn ìsìnkú yín, mo da símẹ́ńtì sí ilẹ̀ ilé rẹ̀, kí ẹrẹ̀ má baà yọ ọ́ lẹ́nu. Mo rò pé mò ń tọ́jú rẹ̀ ni. Kò pẹ́ tí orúnkún ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì fi wú, tó gbóná. Ó ń tiro. Nígbà tó yá, kò fẹ́ dìde mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká pe alápatà wá láti Kpoulou. Mo gbà, Bàbá. Ẹ dárí jì mí.

Kí alápatà tó dé, dókítà ẹran kan tó wá wo màlúù àwọn Fúlàní ní Tatonnonkon yà sọ́dọ̀ wa. Ó tẹ orúnkún náà, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, ó wá wo ilẹ̀.

"Egungun rẹ̀ ò ṣẹ́. Ilẹ̀ yìí ló le jù fún un. Ta ló ṣe é?"

"Èmi ni."

"Ẹ fọ́ ọ."

Ó gún un lábẹ́rẹ́. Nígbà tí alápatà dé, mo fún un lómi mu, mo bẹ̀ ẹ́ kó máa lọ. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi fọ́ símẹ́ńtì náà, mo da iyanrìn sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi jà. Òun ló ń gé koríko wá báyìí.

Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni mò ń da omi kànga sí orúnkún rẹ̀. Níbi tí mo kúnlẹ̀ sí ni mo ti rántí bí ẹ ṣe máa ń fi àdín wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó wọ́ tiyín, àti bí mo ṣe máa ń kán yín lójú lọ́nà oko. Ṣé orúnkún ń dùn yín nígbà náà? Kí ló dé tí ẹ ò sọ?

Wíwú náà ti lọ sílẹ̀. Láàárọ̀ yìí mo tú u. Ó rọra tẹ ilẹ̀ wò, ó gbéra, ó gba ojú ọ̀nà oko ọ̀pẹ. Kò tiro. Títí tó fi dé ìdí ọ̀pẹ àkọ́kọ́, tó tẹ orí ba tó ń jẹ koríko, kò tiro.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀.