Ẹfun Inú Àga

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Mo kí ìyàwó wa, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo lérò pé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́, àti pé ẹ ti ń gun àtẹ̀gùn ilé ìwé yín láìdúró sinmi. Ara tiwa náà le. Tojú tẹ̀yìn ni mo kọ ìwé yìí kí n má baà ra òmíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yí i padà tí ẹ bá ka iwájú tán.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí ẹ bá mi wá ni mo fẹ́ sọ. Mo mọ̀ pé ẹ ti ṣe onígbọ̀wọ́ fún mi lọ́dọ̀ ọ̀gá ibẹ̀, owó oṣù wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tèmi. Kí n tó ka lẹ́tà yín tán ni mo ti ń ṣírò ohun tí màá fi owó náà ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ibi tí mo wà fún yín, torí "ibi tí wọ́n ti ń yọ́ ike" lásán ni ẹ máa ń pè é.

Ìyá Oníkorobá tó dá ilé iṣẹ́ wa sílẹ̀, korobá ló ń tà lóòótọ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé korobá tó ti sán padà wá bá a. Ẹ̀bẹ̀ sú u. Ó lọ bá ẹni tó ń ṣe korobá, ìyẹn ní ohun tó bá wà nínú àpò hóró ike tí òun rà lòun ń lò. "Kí ló wà nínú àpò?" Ó ní òun ò mọ̀. Ìyá ní, "Ìwọ ò mọ̀, èmi ò mọ̀, ṣé ẹni tó ń fi pọnmi ni ká wá bi?" Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun inú àpò nìyẹn.

Ó ra ẹ̀rọ àlòkù kan, ó gbé e sínú yàrá tí òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn, wọ́n kó ẹní lọ sí pálọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà la ṣì ń ṣe é. A ó lọ ike tó ti fọ́, a ó fi àwọ̀ sí i, àti oògùn tí kì í jẹ́ kí oòrùn tètè bà á jẹ́. Ẹ̀rọ gbígbóná á pò ó pọ̀, á tì í jáde bí okùn, a ó rì í bọmi, a ó sì gé e wẹ́wẹ́ bí ìrẹsì. Hóró yìí la ń tà fún àwọn tó ń ṣe korobá àti àga. Lọ́dún àkọ́kọ́, èyí tó bàjẹ́ ju èyí tó dára lọ, Ìyá sì ń dà á padà sínú ẹ̀rọ. Kò da ọ̀kan nù. Ẹ mọ̀ mí, ohun tó kọ́kọ́ jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀rọ mẹ́ta la ní báyìí, èmi ni mo sì ń wọn gbogbo lúbúlúbú tí à ń pò mọ́ ike. Àpò kan kì í jáde láìjẹ́ pé a fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣe àga. A ó gbé àga náà sórí òrùlé kí oòrùn pa á dáadáa, lẹ́yìn náà ni awakọ̀ wa, tó sanra jù nínú gbogbo wa, á jókòó sí i, á máa fìdí jó. Alága la ń pè é. Tí àga bá sán, gbogbo àpò yẹn di àtúnṣe.

Ẹfun wà lára ohun tí mò ń wọ̀n. Kò wọ́n, díẹ̀ rẹ̀ sì ń mú ike le. Tó bá ti pọ̀ jù, ike á máa rún bíi bisikíìtì. Lóṣù méjì sẹ́yìn, aṣojú oníbàárà wa tó tóbi jù, àwọn tó ń ṣe àga ilé ìwé, wá sọ fún Ìyá pé kó fi ẹfun ìlọ́po mẹ́ta sí i, kó sì dín owó kù. Ìyá ò bá a jiyàn. Ó ní kí n wọ̀n ọ́n bí ọkùnrin náà ṣe wí. A fi ṣe àga, a gbé e sóòrùn. Nígbà tí ọkùnrin náà padà wá, Ìyá gbé àga síwájú rẹ̀.

"Ẹ jókòó, ọ̀gá."

"Màmá, àwọn ọmọdé ló máa lò ó. Wọn ò wúwo."

"Ẹ ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ fìdí kàn án."

"Ṣòkòtò mi funfun, Màmá."

Alága ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín nù ún." Ó nù ún títí tó fi ń dán. Ọkùnrin náà kò jókòó. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. Ìyá ní òun ò ní lé ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ààbọ̀ owó oṣù ni kálukú á máa gbà, òun ò sì ní gba nǹkan kan. Ó ta mọ́tò rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn wá, síbẹ̀ a kì í ṣáájú rẹ̀ dé.

Àsìkò yẹn ni lẹ́tà yín dé. Mo lọ bá ọ̀gá tí ẹ júwe, ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Òṣùwọ̀n wọn tuntun, ó dára ju tiwa lọ. Ó ní iṣẹ́ àga ilé ìwé kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn, ẹni tó mọ ẹfun wọ̀n ni àwọn ń wá. Mo bi í pé báwo ni ẹfun náà á ṣe pọ̀ tó. Iye tó dárúkọ gan-an ni ìlọ́po mẹ́ta tí Ìyá ní kí n wọ̀n lọ́jọ́sí. Ó ní kí n jókòó ká sọ̀rọ̀ owó. Mo ní ìdúró tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹ̀gbọ́n mi, tíṣà ni yín. Ẹ mọ bí àwọn ọmọ ṣe ń mi àga síwá sẹ́yìn nínú kíláàsì. Tí mo bá gba iṣẹ́ yẹn, ọwọ́ mi ni á máa bu ẹfun náà. N kò lè ṣe é.

Mo ti ṣírò bí a ó ṣe jẹun. Mo ti fi yàrá ẹ̀yìn háyà fún télọ̀ kan, gílóòbù kan là ń tàn nínú ilé, n kì í wọkọ̀ mọ́. Ohun tí n kò rí ṣírò ni ojú tí ẹ ó fi wo ọ̀gá náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un pé èmi ni mo kọ̀, ẹ̀yin kọ́. Tí ẹ bá sì bínú sí mi, ẹ kọ̀wé bú mi. Ìyẹn sàn ju kí ẹ dákẹ́ lọ.

Kí Ọlọ́run wo ẹsẹ̀ yín sàn. Kí àwọn ọmọ tí ẹ ń kọ́ rántí yín sí rere. Kí ohunkóhun má ṣe dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa.

Èmi ni àbúrò yín obìnrin, tí ẹ máa ń gbé kọ́rùn lọ síléèwé.

Àfikún: Ẹ má fowó ránṣẹ́ o, mo mọ̀ yín. Ẹnì kan tó ń ṣe ìdérí ìgò wá lánàá, àpò mẹ́fà péré ló rà, Ìyá sì sìn ín dé títì bí ẹni tó ra gbogbo ilé. A ó tan ẹ̀rọ kejì lọ́jọ́ Ajé.