Àwọn Amí Inú Fóònù Yín

Bàbá mi, ọ̀rẹ́ iṣu sísun,

Ara wa le, a dúpẹ́. Iṣu tí ẹ gbìn sẹ́yìn ilé ta dáadáa. Fóònù yín ti di ti Màámi báyìí, òun gan-an ni mo torí ẹ̀ kọ ìwé yìí.

Ẹ rántí ìṣe yín? Ìpolówó yòówù tó bá yọjú lórí fóònù, ẹ óò tẹ̀ ẹ́. Lójú tiyín, ẹni tó bá kí ni, ìwọ̀sí ni kéèyàn má dá a lóhùn. Mo máa ń fi yín rẹ́rìn-ín. Áà, ẹ̀rín òmùgọ̀! Mo mọ̀ pé amí wà nídìí ẹ̀. Ojú ewé tí ẹ bá ṣí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Tí ẹ bá tún ṣí òmíràn, wọ́n á ti ṣáájú yín débẹ̀. Ẹ wá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ́ẹ̀kan péré, ìpolówó àgbo inú ìgò kan ò sì yéé tẹ̀lé yín mọ́. Ẹ rà á, ẹ pa oògùn ọsibítù tì. Mo mọ ohun téèyàn lè fi dènà àwọn amí náà, mo kàn ń sọ pé ó dìgbà tí mo bá wálé láti Ararọ̀mí-Ọ̀pin, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà. Ṣé ẹ mọ̀ pé mo mọ̀?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo délé wa ní Osi, mo bá àgbo kan náà lójú fóònù, Màámi sì ti na ìka sí i. Ẹ̀jẹ̀ tiwọn náà ti ń ru. Mi ò tíì bọ́ bàtà tí mo fi gba fóònù, tí mo gbé búráúsà mìíràn, ohun tí a fi ń ṣí ojú ewé, sí i, èyí tó ní ìdènà nínú. Tí ojú ewé kan bá ń ṣí, òun fúnra ẹ̀ ló máa ń ránṣẹ́ pe àwọn olùpolówó àti àwọn amí láti ibòmíràn. Búráúsà yìí ní orúkọ wọn lọ́wọ́. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ bá ti wà níbẹ̀, búráúsà náà ò ní jẹ́ kí ìpè tí wọ́n fi ń pè é jáde rárá. Ìròyìn tí Màámi fẹ́ kà nìkan ló ń wọlé, ó ń yá, dátà ò sì tètè ń tán. Kì í mú gbogbo wọn o, àwọn kan ṣì ń yọ́ wọlé. Màámi fajú ro díẹ̀, torí fóònù náà dá páropáro lójú wọn. Àmọ́ wọ́n ń lo oògùn ọsibítù wọn láràárọ̀.

Ó wá ku ohun kan. Ìdènà kì í pa ohun tí àwọn amí ti tọ́jú sínú fóònù tẹ́lẹ̀ rẹ́, àfi kéèyàn nù ún lọ́tọ̀. Bàbá, gbogbo Osi ló mọ̀ pé ẹ ti kú. Àwọn amí yìí nìkan ló ṣì rò pé ẹ wà. Wọ́n ṣì ń wá ìpara fún orúnkún yín, wọ́n ṣì ń yan fìlà fún yín. Mo wo àwọn fìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà mo nù ún, torí Màámi wà láàyè. Ẹ forí jì mí.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sì pẹ́ kó tó dé.