Nípa Pátákó Orí Omi Tí O Fi Sílẹ̀ Sọ́dọ̀ Mi

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí àna mi, mo kí àwọn ọmọ kéékèèké méjèèjì. Ṣé ẹ délé láyọ̀? Ṣé ara ò ro yín? Ọlọ́run tó ṣọ́ yín lọ kò ní sùn lórí ọ̀ràn yín, ibi iṣẹ́ rẹ ò ní dàrú mọ́ ọ lójú, àwọn ọmọ ò ní fi ẹkún jí ọ. Èmi náà ń bẹ láàyè. Orúnkún ṣì ń dùn mí, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe ìròyìn mọ́.

Ilé dákẹ́. Láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ ni mo ti ń gbọ́ bí aago ara ògiri ṣe ń rìn, bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ wà láyé, n ò mọ̀ pé ó ń dún rárá. Aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ní kí n kí ọ. Oníbàárà méjì péré ni mo rí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn sì kàn wá béèrè ọ̀nà ni. Ọ̀nà tuntun tí wọ́n là gba ẹ̀yìn ìlú ti kó gbogbo ọkọ̀ lọ.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí, jọ̀ọ́, fara balẹ̀ kà á. Láàárọ̀ ọjọ́ tí o kó pátákó onírọ́bà méjì tí wọ́n ká bí ẹní jáde nínú jíìpù rẹ, tí o ní a máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn kí àwọn ọmọ lè dúró lé wọn lórí adágún, inú mi dùn débi pé n ò rántí orúnkún. Mo ní iṣẹ́ mi ló dé yìí. Èmi tí mo ti ń fẹ́ táyà láti ogójì ọdún! Mo wọ ṣọ́ọ̀bù, mo fa okùn ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dáhùn, mo fi aṣọ mímọ́ nu ẹnu rọ́bà, mo fà á jáde. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, o ti fa rọ́bà mìíràn jáde lára jíìpù, o tẹ bọ́tìnnì, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. O ní kí n má ṣe ìyọnu, pé afẹ́fẹ́ ń bẹ nínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Mo ní ó dára. Mo dúró síbẹ̀ tèmi ti rọ́bà lọ́wọ́ títí pátákó méjèèjì fi le, ẹ̀rọ mi ń dá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi, lẹ́yìn náà mo lọ pa á.

Nígbà tí ẹ lọ sómi, mo rò ó pé afẹ́fẹ́ kì í ṣàdédé wà, ibì kan ni ọkọ̀ náà ti fà á. Mo bá gbé géèjì tí mo fi ń wọn afẹ́fẹ́, mo yẹ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, mo tún yẹ èyí tó wà lẹ́yìn wò, bóyá ara wọn ló ti bù ú. Kò sí èyí tó dín. Ọmọ mi, ó dùn mí pé kò sí èyí tó dín.

O wá fi pátákó kan sílẹ̀ fún mi, o ní kí n máa fi ṣeré, kí n yé jókòó sójú kan. Mo gbé e sórí ibùsùn tí o sùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Mo tì í bọ inú omi láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, omi ò hó rárá, ìyẹn ni pé kò jò. Mo ní afẹ́fẹ́ ìgboro ni kò lágbára, ẹ jẹ́ kí n fún un ní tilé. Wọ́n kọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Mo ní ó yé mi, ọjọ́ orí ẹni tó lè gùn ún ni, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára ìgò oògùn. Ṣé táyà kẹ̀kẹ́ lásán ń gba ogójì, kí nǹkan tó ń gbé àgbàlagbà wá máa gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Mo bá ní kí n fún un ní ti ọkọ̀ akẹ́rù.

A ò tíì dé ìdajì tó fi bẹ́. Aránṣọ wọ abẹ́ tábìlì, ó sì jáde pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, ó ń béèrè bóyá mo ṣì wà láyé. Èmi tí mo ti ń fọ́nnu fún un pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, èmi náà ni mo sọ aṣọ ọmọdé di àkísà.

Mo ti fi ọjọ́ mẹ́rin lẹ̀ ẹ́. Túùbù akẹ́rù ni mo gé, mo fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ó jọ pé ó ti mú, ṣùgbọ́n n ò tíì fẹ́ ẹ. Ẹ̀rù ń bà mí. Kì í ṣe pé kó má tún bẹ́ o, bí kò ṣe pé wàá gbọ́, wàá ní Bàbá ti ba nǹkan jẹ́, kò sì ní sí ohun tó máa gbé yín wá mọ́. Mo mọ̀ pé torí adágún lẹ ṣe wá. Kò bí mi nínú. Ọdún mẹ́rin ni mo fi retí yín kó tó kan adágún.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra epo àti bẹ́líìtì tuntun sí ẹ̀rọ mi, kó má baà máa wúkọ́ lójú àwọn ọmọ. Nígbà tí o bá dé, mo bẹ̀ ọ́, má tẹ bọ́tìnnì yẹn. Ìwọ di géèjì mú, kí èmi fẹ́ ẹ. Tó bá pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, sọ fún mi, màá dúró.

Ayé á gbà ọ́, ọ̀nà á là fún ọ, àwọn ọmọ rẹ á mọ ojú ilé rẹ nígbà tí o bá darúgbó. Tí kò bá sì sí ẹni tó fẹ́ lọ sómi mọ́, ẹ ṣáà wá. Kàn jẹ́ kí táyà kan rọ̀ díẹ̀ kí ẹ tó dé.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.