Akẹ́kọ̀ọ́ Mi Ló Ń Tukọ̀ Gbé Mi Lọ Sílé Ìwé

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú ìnáwó òrùlé tuntun. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti etí omi Àgbádárìgì níbí. Mo kí ìyá mi, mo kí ìyá àgbà tí ẹsẹ̀ ń dùn, mo kí àbúrò mi Káyọ̀dé àti ìyàwó rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti ń ka lẹ́tà ọmọ yín. Láti ìgbà tí a ti jọ fa ọ̀rọ̀ Ààrẹ lórí fóònù nígbà ọdún Àjíǹde, ẹ kò gbé ìpè mi mọ́. Mo sì mọ̀ pé kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹ kì í ka ìwé ìròyìn yìí.

Ẹ sọ lọ́jọ́ náà pé mi ò ní sùúrù. Ẹ ní ilé tó ti fẹ́ wó ni Ààrẹ ń tún ṣe, pé kò sí bí wọ́n ṣe máa tún ilé ṣe tí eruku ò ní bà lé ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Ẹ ní kí n wo kòkó. Òótọ́ ni, Bàbá. Láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ lójú dọ́là ni àwọn tó ń ra kòkó ti ń wá bá yín nínú oko, tí wọ́n ń du ẹrù mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Káyọ̀dé ní ẹ ti pààrọ̀ páànù ilé, ẹ sì ti ra ọ̀kadà. Ó tọ́ sí yín. Mi ò gbàgbé ọdún tí òjò ba èso jẹ́, tí ẹ ta aago ọwọ́ yín kí n lè parí ìwé mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ètò Ààrẹ kan náà ṣe níbi tí mo wà.

Ẹ mọ̀ pé Gberefu ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Orí iyanrìn ni abúlé náà wà, ọ̀sà níwájú, òkun lẹ́yìn. Ní Imeke ni mo ń gbé tẹ́lẹ̀. Mo máa ń gun ọ̀kadà dé èbúté láràárọ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sẹtọnji á sì fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì gbé èmi àti àwọn olùkọ́ mẹ́ta sọdá. Ègùn ni Sẹtọnji, ọmọ Gberefu gan-an. Tí ìgbì bá ń gbá ọkọ̀, á máa fi Ègùn bú omi bí ẹni tó ń bá àna rẹ̀ jà, àwa á sì máa rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Ààrẹ yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ẹ̀rín tán. Epo wọ́n, ó tún wọ́n sí i. Sẹtọnji fi kún owó ọkọ̀, èrò dín kù. Ó tún fi kún un, àwọn tó ń lọ sọ́jà Agbalata lójoojúmọ́ wá ń kó ẹrù jọ di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Àwa olùkọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí pín ọjọ́ tí kálukú á sọdá láàárín ara wa. Níkẹyìn ó ta ẹ́ńjìnnì náà fún ọkùnrin kan tó ń gbé àwọn olówó lọ ṣe fàájì létí òkun. Ọkọ̀ ọkùnrin ọ̀hún ń kún fún èrò títí di òní. Epo wọ́n fún àwọn yẹn náà, àmọ́ agbára wọn ká a.

Sẹtọnji padà sí àjẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ tóbi ju ohun tí ẹnì kan lè dá tù, ìyàwó rẹ̀ sì ń tọ́mọ lọ́wọ́. Bí mo ṣe dé èbúté ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nìyẹn, tí mo rí Sẹnami ọmọ rẹ̀ níwájú ọkọ̀ pẹ̀lú àjẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni. Òun ló mọ ìṣirò jù nínú kíláàsì mi. Ó kí mi pé ẹ káàárọ̀ Àǹtí, ó fa omi, a sì gbéra. Ìwé rẹ̀ tí mo ti máàkì wà nínú báàgì tó wà lórí itan mi. Nígbà tí a gúnlẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀, òun àti bàbá rẹ̀ yí ọkọ̀ padà láti lọ gbé àwọn mìíràn. Mo wọ kíláàsì, mo pe orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà. Àwọn ọmọ ní ó wà lórí omi.

Mo bá Sẹtọnji sọ ọ́. Mo rò pé á bínú, kò bínú. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ kí òun máa fi ọwọ́ kan tukọ̀, kí ọkọ̀ máa yí lójú kan. Lọ́jọ́ kejì mo gba àjẹ̀ lọ́wọ́ Sẹnami, mo tù ú títí èjìká mi fi fẹ́ yọ. Kí ni ìyẹn fẹ́ ṣe? Bí mo bá ti bọ́ sílẹ̀, àwọn alájàpá ṣì wà lódìkejì tí wọ́n ń retí ọkọ̀.

Ni mo bá kó lọ sí Gberefu. Mo gba yàrá kan lábẹ́ àwọn igi àgbọn. Bàbá, òkun kì í dákẹ́. Tí òjò bá dé, afẹ́fẹ́ á máa da iyanrìn tútù sára ilẹ̀kùn, kò sì sí ẹnì kan tí mo lè bá sọ Èkìtì. Ìgbà míràn mo máa ń bá ara mi sọ ọ́. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n bá ti fa ọkọ̀ gòkè, Sẹnami á wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì ń kọ́ ọ ní ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́ láàárọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Aṣọ ló fi ń di pẹ́ńsù mú.

Ó ṣe ìdánwò àtiwọ girama, ó sì yege. Mo sáré lọ sí etí omi lọ sọ fún bàbá rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó dúpẹ́ gan-an. Lẹ́yìn náà ó ní ìgboro ni girama wà, ta ni á wá máa jókòó níwájú ọkọ̀. Ilé ìwé ti wọlé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Sẹnami ò tíì lọ.

Èmi náà dìbò fún Ààrẹ, Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kí n dì í, mi ò sì kọ̀. Mi ò sọ pé ilé tó fẹ́ wó kò yẹ ní títúnṣe. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn kan ni eruku ń bà lé, àwọn míì ló ń gba yàrá tuntun. Ẹ ní kí n fọkàn balẹ̀, pé tí ọrọ̀ bá ti pọ̀ lókè, á ṣàn dé ọ̀dọ̀ àwa tá a wà nísàlẹ̀.

Káyọ̀dé sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi tí mi ò lè gbé mì. Ó ní Jọ́ọ̀nù, alágbàṣe tó wá láti Bẹ́núè, tó ti ń bá yín ro oko láti ìgbà tí mo ṣì wà nílé, ní kí ẹ fi díẹ̀ kún owó òun nítorí oúnjẹ ti wọ́n. Ó ní ẹ sọ fún un pé kó ní sùúrù. Kòkó gbé owó rẹpẹtẹ wá, àmọ́ orí òrùlé yín ló dúró sí. Bí kò bá lè ṣàn láti ọ̀dọ̀ yín dé ọ̀dọ̀ Jọ́ọ̀nù tí ẹ jọ ń jẹun nínú oko, báwo ni yóò ṣe ti Àbújá ṣàn dé Gberefu?

Mi ò ní kí ẹ fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí mi. Tí ẹ bá fẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ ti dárí ọ̀rọ̀ yìí jì mí, ẹ fi kún owó Jọ́ọ̀nù.

Ẹ bá mi kí ìyá mi, kí wọ́n má sunkún. Ẹ kí gbogbo ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀mí yín á gùn, ara yín á le, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Kí Ọlọ́run má gba ohun tó fún yín, kó má sì jẹ́ kí ẹ dá a jẹ.

Èmi ni ọmọ yín,
Bọ́sẹ̀dé.